Nítorí Eyín Tongtong

Peiwen ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Guangzhou? Ọkọ rẹ ńkọ́? Orúnkún bàbá rẹ ti ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀, owó oògùn tó o fi ránṣẹ́ sì ti dé.

O bi mí pé kí ló dé tí Tongtong ọmọ rẹ ń fọwọ́ bo ẹnu tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ojú ń tì mí.

Takisí tí kò ní awakọ̀ la wọ̀ lọ sílé ìwé rẹ̀. Ọkọ̀ ní ká de bẹ́líìtì. Mo fà á gba ẹ̀yìn wa, mo so ó síbẹ̀ kí ariwo lè dákẹ́, mo wá gbé ọmọ lé itan bí mo ṣe máa ń gbé ìwọ náà.

"Màmá àgbà, ó ní ká dè é o."

"Panu mọ́, jẹ búrẹ́dì ẹ."

Alálùpùpù kan ṣàdédé já sọ́nà, ọkọ̀ tẹ bíréèkì, ọmọ fẹnu gbá ìjókòó iwájú. Eyín rẹ̀ kan kán. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú awakọ̀ bí ìṣe mi: "Orí ẹ pé ṣá?"

Tongtong ń sunkún, ó ní, "Ta lẹ ń bú?"

Jọ̀ọ́, má bá a wí. Kí ara rẹ le, kí iṣẹ́ má ṣe ọ́ léṣe. Tó o bá tún pè, ní kó rẹ́rìn-ín kó o rí i. Èmi ni màá bojú.

Ìyá rẹ