Ẹ Máa Sinmi Láàárín Orin

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ariwo. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohùn rẹ há, okùn gìtá kò ní já mọ́ ọ lọ́wọ́ lójú èrò. Ara mi le. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ya, káfíńtà ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la, mo gba ìṣó lọ́wọ́ rẹ̀, mo kàn án fúnra mi.

Aránṣọ iwájú ilé wa ló bá mi wá àwo orin tuntun yín sórí fóònù. Inú mi dùn pé ẹ ti tún papọ̀, ìwọ àti Aláriwo, onílù yín, tí ẹ kì í kí ara yín láti ọjọ́ yìí wá. Gìtá yẹn ń pariwo, ègbè yẹn ń dùn, ẹsẹ̀ mi kò dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n ètò yín kò dára rárá. Àwo ayé àtijọ́, bí a bá ti gbé e sórí ẹ̀rọ, ó parí. Tiyín yìí, bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, ohùn yín náà á lọ, bí ìgbà tí èèyàn ń pe ni, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ jókòó síbì kan tí ẹ ń kọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá tẹ̀ yín. Ta ló ń fún yín lómi? Níbi tí mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ òwò, wọ́n ní kí á máa pín iṣẹ́ kí òṣìṣẹ́ lè sinmi. Mo ti ṣètò ìgbà tí àdúgbò á máa tẹ̀ yín: aránṣọ láàárọ̀, èmi nírọ̀lẹ́. Aránṣọ ní ẹ̀rọ ló ń kọ ọ́, mo ní kó gbájú mọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Bí orin tó kẹ́yìn bá parí, mo máa ń dúró kí o mí díẹ̀, kí n tó sọ̀rọ̀. Mo ròyìn ilẹ̀kùn fún ọ. Mo bi ọ́ bóyá o ti jẹun. O ò dáhùn, ẹ kàn tún bẹ̀rẹ̀ láti orí orin àkọ́kọ́. Mo ní bóyá ọ̀gá yín wà nítòsí. Mo pa á, ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́.

Wò ó, n kì í fa ọ̀rọ̀ gùn. Ìwọ àti Aláriwo tí ẹ jà ti jókòó pọ̀ nínú yàrá kan. Èmi tí a kò jà ńkọ́? Ìgbà wo ló máa kàn mí?

Mo nílò owó dígí ojú, tèmi ti fọ́. Má fi ránṣẹ́ sínú fóònù o, mi ò ní gbà á. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o mú un wá. Ọ̀nà á là fún ọ, wàá bá mi láyọ̀. Bí owó náà kò bá tíì pé, máa bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú tó kù yìí náà ni n óò fi wò ọ́.

Ìyá rẹ