Ìrìn-àjò Valencia Kò Gbọdọ̀ Yẹ̀

Èmi, Froukje Hoitinga, opó Wytze Hoitinga, èmi tí mo jẹ́ olùṣọ́ afárá kí n tó fẹ̀yìn tì ní ìgbèríko Friesland, ní ilẹ̀ Netherlands, ń sọ fún gbogbo ẹni tí ìwé yìí bá kàn pé orí mi pé, pé iyè mi sì jí pépé. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì tàn mí. Ọkàn mi nìkan ni wọ́n ní kò lágbára mọ́, dókítà ló sì sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi. Ìwé ìhágún tí mo kọ nígbà tí Wytze kú, mo fagi lé e. Èyí ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ̀yin tí mò ń bá sọ̀rọ̀ nìyí: Jeltje, àkọ́bí mi, tó ń dá tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Minke àti Sibe; Hylke, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin; Amparo, ìyàwó Hylke, ọmọ bíbí ìlú Valencia ní ilẹ̀ Sípéènì; àti Neus, ọmọ wọn kékeré. Ẹni tí yóò mú ìwé yìí ṣẹ ni Douwe Rinsma, aládùúgbò mi. Kì í yára ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n kì í fi ohun tó bá ti dáwọ́ lé sílẹ̀ lágbedeméjì.

1. Ilé mi tó wà lẹ́bàá afárá, àti ilẹ̀ tó yí i ká, mo fi fún Jeltje àti Hylke lọ́gbọọgba. Kí wọ́n tà á tàbí kí wọ́n máa gbé inú rẹ̀, ó kù sí wọn lọ́wọ́.

Agbẹjọ́rò tó bá mi wo ìwé yìí gbà mí níyànjú pé kí n fi kún un pé kò sẹ́ni tí yóò gba kọ́kọ́rọ́ títí àwọn méjèèjì yóò fi parí ìjà. Mo kọ̀. Ìrẹ́pọ̀ tí ènìyàn fi ilé rà, ọjọ́ tí wọ́n bá ta ilé náà ni wọn yóò tà á mọ́ ọn. Ọ̀nà mìíràn ni mo gbà, ẹ ó rí i níwájú.

2. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mi, èyí tó ní àpótí pákó níwájú, mo fi fún Amparo.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó rí i tí mo gbé Minke sínú àpótí yẹn, ó dúró lójú ọ̀nà ó ń wò wá. Ó ní, "Màmá, ṣé ọmọ lẹ gbé ni àbí tòmátì?" Mo ní kó gun orí rẹ̀ kó gbìyànjú, ó sì wà á wọ inú koríko lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Nísinsìnyí kò sẹ́ni nínú wa tó lè wà á bíi tirẹ̀ nínú òjò.

3. Ewúrẹ́ mi, Klaske, mo fi fún Douwe Rinsma, kó má sì kọ̀ ọ́.

Ó pẹ́ tí Douwe ti ń ké láti òdìkejì ọgbà pé, "Froukje, ẹ wá mú ọmọ yín o, ó tún ti wà nínú kábéèjì mi!" Ó dára. Ọmọ tirẹ̀ ló dà báyìí, kó máa kọ́ ọ nílé.

4. Ọ̀pá ìpẹja àti bàtà pákó tí mo so mọ́ ọn, èyí tí mo máa ń nà sí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi láti gba owó afárá nígbà tí mo bá ṣí i kí wọ́n lè kọjá, mo fi fún Minke, Sibe àti Neus láti jọ ní i. Kí ó má ṣe pẹ́ ju ọdún kan lọ nílé ẹnì kan kó tó kọjá sílé èkejì.

Minke bi mí nígbà kan pé kí ló dé tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kì í bínú bí a bá ní kí wọ́n dúró de àwọn tó ń kọjá lórí ilẹ̀. Mo sọ fún un pé wọ́n ń bínú dáadáa, wọ́n kàn ń bínú níjòókòó ni.

5. Agolo bisikíìtì ìyá mi, èyí tó ní àwòrán ẹyẹ lára, mo fi fún Jeltje, tòun ti ìdérí rẹ̀.

Nílé wa, bisikíìtì kan ló wà fún ife kọfí kan, lẹ́yìn náà a ó dé agolo. Bí a ṣe bá a nìyẹn. Ìgbà tí Amparo kọ́kọ́ wá kí wa, ó ṣí ìdérí fúnra rẹ̀, ó mú ẹ̀kejì, ó sì fún Hylke náà ní tirẹ̀. Jeltje mú ìdérí, ó sì dé agolo. Bí mo bá mọ̀ nígbà náà ohun tí mo mọ̀ báyìí, mi ò bá tí kó gbogbo wọn lọ sílùú kan náà kí n sì máa retí ẹ̀rín.

6. Owó tí mo yà sọ́tọ̀ fún ìrìn-àjò Valencia, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pín in, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ṣe nǹkan mìíràn. Mo ti san owó fúláàtì tí ẹ̀yin méjèèjì, Jeltje àti Hylke, yóò jọ gbé pẹ̀lú Amparo àti àwọn ọmọ yín nígbà ìsinmi ilé-ìwé ti oṣù Karùn-ún. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo wa, títí kan tèmi.

Kí Douwe lè mọ ohun tí mò ń lé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, gbogbo wa jọ lọ sí Valencia. Jeltje ló ṣètò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní wákàtí wákàtí, ó sì fi oúnjẹ alẹ́ sí aago mẹ́fà, bí a ti ń jẹ ẹ́ níbí láti ayébáyé. Kò sí ilé oúnjẹ kan tó ti dáná nígbà náà. A ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ kiri lórí òkúta ìgboro, láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì, wọ́n sì ń sọ fún wa pé ká padà wá ní aago mẹ́sàn-án. Sibe ń ké. Minke ti sọ bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan nù.

Amparo ní, "Àǹtí Jeltje, mo kúkú ti sọ fún yín. Kò sẹ́ni tó ń jẹ oúnjẹ alẹ́ lásìkò yìí níbí, àfi aláìsàn."

Jeltje ní, "Ọmọ tó bá ń sùn ní aago mọ́kànlá, kò tíì rí ẹni tọ́ ọ ni."

Amparo ní, "Ọmọ lèmi ń tọ́ ní tèmi. Aago lẹ̀yin ń tọ́."

Hylke sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ Amparo kọ́ ló lé Jeltje lọ, ẹ̀rín àbúrò rẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kejì, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ òfurufú padà sílé. Láti ìgbà náà wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ni wọ́n ń rán. "Màmá, ẹ bá mi sọ fún Hylke pé ara Sibe ti yá." "Màmá, ẹ sọ fún Jeltje pé a ò ní lè wá síbi ọjọ́ ìbí Minke." Mò ń gbé e lọ, mò ń gbé e bọ̀. Ìlú kan náà ni wọ́n sì ń gbé. Ẹ̀rù ń bà mí, nítorí òkú kì í jíṣẹ́.

Hylke àti Amparo, ẹ gbọ́ èyí. Nígbà tí ọkọ Jeltje fi í sílẹ̀, Minke ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, Sibe wà nínú oyún. Aago ló ń gbé e dìde lórí ibùsùn nígbà náà. Ó ní ìgbà ìwẹ̀, ó ní ìgbà oúnjẹ, ó ní ìgbà oorun. Bí àwọn ọmọ bá ti sùn tán, á jókòó sórí àtẹ̀gùn á sunkún, lẹ́yìn náà á lọ fọ abọ́. Bí wọn kò bá tètè sùn, wọn yóò rí i. Kì í ṣe ìgbéraga ló ń ṣe é.

Jeltje, ìwọ náà gbọ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni bàbá Amparo, alẹ́ ló sì máa ń wọlé. Ká ní wọ́n ń tètè tẹ́ Amparo sùn ni, inú àwòrán ìgbéyàwó nìkan ni ì bá ti máa rí bàbá rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún mi níbi tí a ti jọ ń bó ọ̀dùnkún. Ìwọ kò bi í rí.

7. Báyìí ni kí ìrìn-àjò náà ṣe lọ.

Ẹ má ṣe gbìyànjú ju nǹkan kan lọ lójúmọ́. Bí ẹ bá wo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, ẹ má wo mùsíọ́ọ̀mù. Kẹ̀kẹ́ ọmọ tó fúyẹ́ ni kí ẹ gbé, kì í ṣe ti Jeltje tó tóbi bí ọkọ̀ ìkórè. Fúláàtì náà ní ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè. Hylke ti ní ká gba èyí tí kò ní, pé a ó máa gbé àwọn ọmọ gun àtẹ̀gùn. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbé Sibe nígbà tó bá ń sùn. Ẹ má sì ṣèlérí ilé ẹja, níbi tí wọ́n ti ń wo ẹja nínú gíláàsì, fún Neus títí ẹ ó fi rí bí èrò ṣe pọ̀ tó lẹ́nu ọ̀nà.

Ti aago mẹ́fà wá ńkọ́? Ní ọjọ́ tí Jeltje padà sílé, mo dá lọ jókòó sínú ọgbà gígùn tó wà ní ojú odò àtijọ́, níbi tí omi kò gbà mọ́. Ní aago mẹ́fà, mo rí i pé gbogbo ọmọ Valencia ló ń jẹun. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì àti ṣokoléètì, àwọn mìíràn ń ti búrẹ́dì oníṣúgà bọ omi òfíò tútù. Mo tẹ Amparo láago, mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ìyẹn kọ́ loúnjẹ alẹ́, Màmá. Ìyẹn kàn jẹ́ ohun tí ọmọ ń fi dè é ni." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lórí bẹ́ǹṣì. Aago kan náà ni wọ́n ń bá ara wọn jà lé lórí.

Nítorí náà, ní aago mẹ́fà lójoojúmọ́, kí gbogbo yín jókòó nínú ọgbà yẹn, kí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹun yó. Bí Jeltje bá fẹ́ pè é ní oúnjẹ alẹ́, kó pè é bẹ́ẹ̀. Bí Amparo bá fẹ́ pè é ní ìpápánu, kó pè é bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún ti ẹnìkejì ṣe. Ọmọ tó bá fẹ́ sùn lẹ́yìn náà, kó sùn. Ọmọ tó bá fẹ́ dúró jẹ ìrẹsì pẹ̀lú àgbà, kó dúró. Kí Hylke àti Jeltje máa fi ara wọn rọ́pò láti jókòó ti àwọn tó ń sùn. Hylke ni kó kọ́kọ́ jókòó.

8. Nípa ikú mi. Bí mo bá kú ṣáájú ìrìn-àjò náà, ẹ sin mí, kí ẹ sì lọ. Kí ẹ kó báàgì àwọn ọmọ sórí ìjókòó mi nínú ọkọ̀ òfurufú. Bí dókítà kò bá jẹ́ kí n lọ, tí mo sì kú nílé níbí nígbà tí ẹ wà lọ́hùn-ún, ẹ má ṣe gé ìsinmi àwọn ọmọ kúrú. Kí Douwe lọ gba àyè lọ́wọ́ ìjọba ìlú, nítorí òfin kò fẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀, kí wọ́n fi òkú mi pamọ́ títí ẹ ó fi dé. Mo fẹ́ràn yín ju kí n máa kánjú wọ sàréè lọ.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí Douwe dúró di ìgbà tí àwọn ọmọ bá ti jẹun aago mẹ́fà tán nínú ọgbà. Lẹ́yìn náà kí ó tẹ Jeltje láago, Jeltje nìkan. Kò gbọdọ̀ pe Hylke, kò gbọdọ̀ kọ̀wé sí i, bí Hylke bá sì pè é, kó má gbé e. Jeltje, èyí ni iṣẹ́ ìkẹyìn tí mo rán ọ, mo sì mọ̀ pé ó wúwo. Àbúrò rẹ yóò wà nítòsí rẹ, kò ní tíì mọ̀ pé òun kò ní ìyá mọ́. Ẹnu rẹ ni kó ti gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tí o lè rán sí i.

Mo fọwọ́ sí ìwé yìí nílé mi lẹ́bàá afárá, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejì, ọdún 2023.

Froukje Hoitinga

Àwọn ẹlẹ́rìí tó wà níbẹ̀, tí wọ́n sì rí i nígbà tó ń fọwọ́ sí i:

Sytske Wiarda, olùkọ́
Ate Bouwstra, atúnkọ̀-ojú-omi-ṣe