Làálì Dúdú Tí Mo Fi Sí Ọ Lọ́wọ́

Ọmọ mi àtàtà, Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀,

Ṣé ara ń mókun díẹ̀díẹ̀? Ṣé ọwọ́ náà ti ń gbẹ, ṣé o ti lè di ṣíbí mú fúnra rẹ? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Ìyá rẹ sọ fún mi pé dáì irun bó ọ lọ́wọ́, o sì ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ó ní dókítà sọ pé o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan dáì irun mọ́ láyé, pé ó bi ọ́ bóyá wọ́n ti fi làálì dúdú sí ọ lára rí, o sì ní rárá. Ọdún mẹ́fà lo fi kọ́ṣẹ́ onídìrí, oṣù mẹ́rin péré lo fi ṣe ọ̀gá ara rẹ. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Ó tún ní o lọ bú ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, pé ìlara ló ń ṣe, pé ó fi nǹkan sínú dáì tó fi ta ọ́ lọ́rẹ, àkọ́kọ́ tí ìwọ fúnra rẹ lò. Ọmọ mi, obìnrin yẹn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èmi ni.

O kò lè rántí, ọmọ ọdún márùn-ún ni ọ́. O wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi nígbà tí mò ń fi làálì sí àwọn obìnrin lọ́wọ́. O jókòó tì mí, o ní, "Àǹtí, tèmi ńkọ́?" Làálì gidi máa ń pọ́n ni, ó sì máa ń pẹ́ kó tó mú. Èmi oníkánjú, mo bu dáì irun mọ́ ọn kó lè tètè dúdú, mo ya òdòdó sí ọ lẹ́yìn ọwọ́ méjèèjì. Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo ojú òdòdó náà lé ròrò, omi ń jáde níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní kí o sọ fún ìyá rẹ pé omi gbígbóná ló dà sí ọ lọ́wọ́.

Lánàá, mo lọ jẹ́wọ́ fún dókítà náà. Ó ní láti ìgbà yẹn lára rẹ kò ti fẹ́ dáì mọ́. Mo gba ibẹ̀ lọ kúnlẹ̀ fún ọ̀gá rẹ. Kò bínú, ẹkún ló ń sun. Jọ̀ọ́, lọ bẹ̀ ẹ́.

Kí Ọlọ́run wo ọwọ́ rẹ sàn, kó fi iṣẹ́ mìíràn sí i. Kó má jẹ́ kí o ṣe ọmọ ọlọ́mọ bí mo ṣe ṣe ọ́.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ, àbúrò ìyá rẹ.

Mo gbàgbé: ìyá rẹ kò tíì mọ̀. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ìwọ ni mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún, torí lọ́jọ́ tó wá mú ọ, ó nà ọ́ níwájú mi pé o ń ṣeré nídìí iná. O ń wo ojú mi, o kò sì sọ nǹkan kan.