Ìrìn Àjò tí Mi Ò Sọ fún Ọlọ́pàá Mi

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kẹfà

Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì! Onífìlà fi hàn mí lẹ́yìn ìsìn, lẹ́nu ọ̀nà ibi tí gbogbo ìjọ ń bọ́ bàtà sí. Iceland. Ìlú kékeré kan létí òkun níbẹ̀, n ò lè pe orúkọ rẹ̀. Òkè yìnyín, ẹyẹ, ẹran inú omi. Èmi Mọ́wùnmí tí mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì sùn ní Thamesmead tí mò ń gbé!

Èmi náà ni mo fà á. Ọlọ́pàá ló mú ìwé ìpolówó yẹn bọ̀ láti ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìríìjì. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Onífìlà, mo ní kó wá wo ayé. Eré ni mo ń ṣe o.

(Ọlọ́pàá — Fẹ́rànmí, ọmọ mi kan ṣoṣo. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, inú ilé mi ló ṣì wà, bí mo bá sì pẹ́ kí n tó wọlé, á ní kí n wí tẹnu mi. Onífìlà — Bọ̀dá Lékan, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, akọrin ìjọ wa, tí fìlà kì í kúrò lórí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọkọ tèmi náà ti kú. Ó fẹ́ fẹ́ mi. Ó ní kí n fún òun lésì kí a tó padà dé.)

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀n-ẹ́n, mo ti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú wo ni mo fẹ́ fi wo Fẹ́rànmí, tí fọ́tò bàbá rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, kí n sọ fún un pé mo fẹ́ tún lọ́kọ?

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. A kì í pariwo ìrìn àjò. Ìyá mi á ti dé ibi tó ń lọ kí ará ilé tó mọ̀ pé ó jáde. Mo sọ fún Ọlọ́pàá pé ìsọjí ni mo ń lọ, ní Birmingham.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kẹfà

Ọlọ́pàá ní òun náà ń lọ sí Manchester lọ́jọ́bọ̀, fún training. Ọlọ́run tóbi! Kò tilẹ̀ bi mí pé ta ló fẹ́ wàásù.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹfà

A ti dé láti àná. Òtútù — wọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn wọn nìyí! Sòkòtò mẹ́ta ni mo wọ̀. Láti pápákọ̀ òfurufú, a fi bọ́ọ̀sì rìn títí di ìrọ̀lẹ́. Onífìlà ò wo òkè, kò wo òkun, ẹ̀yìn orí awakọ̀ ló ń wò. "Kò lo mirror! Mọ́wùnmí, ṣé o rí i, kò lo mirror!" Mo ní ìsinmi lẹ bá wá.

Ẹja wọn dùn, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ata. Ọpẹ́lọpẹ́ ata díndín tí mo gbé dání.

Lọ́sàn-án, a lọ wo ẹyẹ kan lórí àpáta. Ẹ̀yìn dúdú, àyà funfun, ẹnu pupa, ó ń rìn bí alàgbà tó ń lọ gba ọrẹ. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Onífìlà ò bi mí ní ìbéèrè yẹn. Ó kàn ń wò mí ṣáá.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kẹfà

Mi ò rí oorun sùn. Kì í ṣe òtútù.

Ọkọ̀ ojú omi gbé wa lọ sáàárín yìnyín. Mo ti ń rò pé funfun ni yìnyín. Irọ́ o — búlúù ni! Òmíràn tó ilé alájà méjì, ó léfòó, ó ń yí díẹ̀díẹ̀. Ẹran omi kan tí wọ́n ń pè ní seal sùn sórí ọ̀kan, ó la ojú kan wò wá bí onílé tí àlejò jí. Ibẹ̀ dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bọ́ bàtà. Aládùúrà ni mí, ibi mímọ́ nibẹ̀. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ sáré wá, ó ní kí n wọ bàtà mi kíá. Onífìlà kúnlẹ̀, ó ń bá mi so okùn rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ lẹ́yìn mi:

"Mummy?"

Ọlọ́pàá! Manchester! Ó di ọwọ́ ọmọkùnrin gíga onírùngbọ̀n kan mú. Ó ní ṣé Birmingham nìyí. Mo ní Manchester ńkọ́. Ìwé ara fìríìjì kan náà ló mú gbogbo wa wá.

Àfi bí ọmọkùnrin yẹn ṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nínú ọkọ̀! Àwọn ará Iceland rò pé ó dákú. Ẹnì kan figbe ta, òṣìṣẹ́ gbé àpò oògùn dé, bàbá òyìnbó kan ń gbìyànjú láti yí i padà. Kò sì lè dìde, nítorí mi ò tíì dá a lóhùn. Bí wọ́n ti ń ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò, ó ń wí pé, "Ẹ káàsán Mummy, Nurain lorúkọ mi." Mo ní, "Dìde, ọmọ mi, kí wọ́n tó fún ẹ lábẹ́rẹ́!"

Onífìlà rẹ́rìn-ín, ó gbójú sókè, atẹ́gùn sì gbé fìlà rẹ̀ lọ sínú omi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo rí orí rẹ̀. Ó pá. Ó wù mí.

Fẹ́rànmí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọwọ́ Onífìlà léjìká mi, ó sì lọ dúró sí ìpẹ̀kun ọkọ̀ títí a fi gúnlẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹfà

Bọ́ọ̀sì kan náà la bá padà. Ọlọ́pàá níwájú, èmi lẹ́yìn. Onífìlà bi mí. Mo ní kó ṣe sùúrù fún mi. Ó ní kò burú. Ó burú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kẹfà

Ẹ káàárọ̀, Mummy. Ó dàárọ̀, Mummy. Ó tán lẹ́nu Fẹ́rànmí. Mo se ọbẹ̀ ẹja tó fẹ́ràn, ó jẹ ẹ́, ó fọ abọ́, ó wọ yàrá lọ.

Ti Nurain kọ́ ló ń dùn mí. Nọ́ọ̀sì ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, Mùsùlùmí. Àlhájà ni ìyá bàbá mi, kí ni mo fẹ́ wí? Ọmọ mi ni mi ò fẹ́ pàdánù. Bí kò bá fẹ́ Onífìlà, màá sọ fún un pé kó máa lọ. Mo ti pinnu. Mo sunkún sínú ìrọ̀rí bí ọmọdé.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹfà

Fẹ́rànmí ní kí a jọ rìn lọ sí Lesnes Abbey, ilé ìjọsìn àtijọ́ tó ti wó. A jókòó lórí ògiri àwókù. Mo ti to ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu. Kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Ó ní ó ti pẹ́ tí Nurain ti ń bẹ òun pé kí àwọn ṣègbéyàwó, òun ni òun ń kọ̀. "Mummy, ta ni mo fẹ́ fi yín sílẹ̀ fún? I keep thinking ẹ máa ṣubú ní bathroom, kò ní sí anybody nílé." Ó ní nígbà tí òun rí ọkùnrin tó kúnlẹ̀ so bàtà fún mi, inú òun dùn pé òun ti lè máa lọ. Ìtìjú ohun tí òun kọ́kọ́ rò yẹn ni kò jẹ́ kí òun lè wo ojú mi. Háà! Ọmọ yìí! Èmi ń sá fún ọkọ nítorí rẹ̀, òun ń sá fún ọkọ nítorí mi! A dì mọ́ra, a sunkún, ajá alájá kan wá ń gbóòórùn wa.

Ó nu ojú rẹ̀, ó ní ṣé Onífìlà máa ń hanrun. Mo ní báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀, yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la gbà! Ó ní, "Us too, Mummy." Mo wò ó. Ó wo igi.

Mo pe Onífìlà níbẹ̀. Ó wà níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń sinmi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni kí ni? Mo ní Bọ̀dá Lékan, ẹ má jẹ́ kí n tún un sọ. Mo gbọ́ tó ń ké sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n dín ariwo kù, ìyàwó òun ló wà lórí fóònù.