Ẹni Tí Ó Fi Ìyẹ̀fun Pákó Ya Abúlé: Ọ̀rọ̀ Ìkẹ́dùn sí Ìdílé Sicajau

Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Alájùmọ̀gbé Abúlé El Retoño, létí adágún omi.

Sí Doña Ninfa Cúmez, opó Sicajau, àti Araceli ọmọ wọn. Àti sí gbogbo ẹ̀yin ará, nílé lóko, tí a ó ka ìwé yìí sí létí.

Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó fi ènìyàn rere ta wá lọ́rẹ, tí ó sì jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹni rere ni nígbà tí ó ṣì wà láàrin wa. Ọ̀pọ̀ ìlú ni kì í mọ̀ bẹ́ẹ̀ àfi lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti bo onítọ̀hún.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn ni a fi ń kọ̀wé yìí sí yín lórí ìpapòdà ọkọ yín, bàbá Araceli, Don Wenceslao Sicajau, tí Olúwa pè sílé ní òwúrọ̀ kan tí ìkùukùu bo adágún tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi mọ ibi tí omi parí sí àti ibi tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn sọ pé wọ́n dà bí ẹni tí ń sùn, tí ohun tí ó ń rí lójú oorun sì dùn mọ́ ọn. Kò yà wá lẹ́nu. Gbogbo ọjọ́ ayé wọn ni wọ́n fi ń rí ohun tí ojú tiwa kò tí ì tó.

Kí abúlé yìí tó wà, akunọ̀dà ni Don Wenceslao. Àwọn ni wọ́n ń kun àwọn bọ́ọ̀sì tí ń ná ọ̀nà òkè, tí wọ́n ń fi òdòdó, ẹyẹ, àti orúkọ ìyàwó awakọ̀ ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbà tí òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá mú kí òkè ya, tí ẹrẹ̀ sì gbé abúlé wa àtijọ́ mì, abẹ́ tapólì lórí pápá bọ́ọ̀lù ni gbogbo wa ń sùn. A kò ní igi, a kò ní bíríkì. Ìdọ̀tí nìkan ni ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa: ike ẹlẹ́rìndòdò tí ìgbì ń gbá wá sí etí adágún, táyà tí ó ti kú, ọ̀rá oríṣiríṣi. Àwa ń wò ó bí ìtìjú. Don Wenceslao ń wò ó bí ìgbà tí gbẹ́nàgbẹ́nà bá wọ igbó tí igi rẹ̀ ti gbó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n sọ fún wa pé àwọn rí abúlé kan lójú àlá. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ògiri rẹ̀ kọjá bí ó ti ń gba inú omi, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró, ó sì ń rìn lórí ilẹ̀ilé bí ẹja. Wọ́n ní àwọn tẹ́ etí sí ògiri náà, àwọn sì gbọ́ tí ó ń mí. Màmá Tránsito Ajquejay, tí gbogbo wa mọ̀ pé ahọ́n wọn kì í sinmi lọ́jọ́ kankan, ni wọ́n kọ́kọ́ fèsì.

“Wenceslao, ṣé ebi ni àbí ibà?”

“Ebi ni, Màmá. Ibà ò lè yàwòrán tó dáa tó bẹ́ẹ̀.”

A rẹ́rìn-ín, a sì rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ ìjìyà Olúwa ń bọ̀. Nínú ọ̀sẹ̀ náà, àṣà wa ni láti fi ìyẹ̀fun pákó, èyí tí ayùn ń rẹ́ sílẹ̀, tí a sì ti pa láró, tẹ́ ẹní òdòdó sójú títì, kí àwọn tí ó ru ère Olúwa lè gba orí rẹ̀ kọjá. Lọ́dún yẹn a kò ní títì tí a lè pè ní tiwa. Don Wenceslao lọ sí ilé ìlàgi, wọ́n tọrọ ìyẹ̀fun pákó, wọ́n pa á láró, wọ́n sì fi ya odidi abúlé kan sórí ilẹ̀ pápá. Ilé kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀ tòun ti ìloro rẹ̀. Àwọ̀ pupa ni ààrò, àwọ̀ aró ni àgbá omi òjò, àwọ̀ ìyeyè ni ojú ọ̀nà. Wọ́n wá dúró ní ẹnu ọ̀nà tí kò ní ilẹ̀kùn, wọ́n sì sọ pé, “Ẹ wọlé o, ẹ rọra, ẹ má tẹ ògiri.”

A wọlé lóòótọ́. Àwọn àgbàlagbà gba ibi tí kò sí ilẹ̀kùn kọjá, wọ́n tẹrí ba kí wọ́n má baà forí gbá àtẹ́rígbà tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín, Doña Ninfa, ẹ jókòó ti ààrò pupa kan, ẹ sì na ọwọ́ sí i bí ẹni ń yáná. Kò sí ẹni tí ó fi yín ṣẹ̀sín. Màmá Tránsito nìkan ni wọ́n pariwo láti inú yàrá tiwọn.

“Wenceslao! Ta ló ní kí ilé ìdáná Eliseo kọjú sí bẹ́ẹ̀dì mi? Ṣé èéfín rẹ̀ ni n ó máa fi jí láràárọ̀ ni?”

Don Wenceslao bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilé ìdáná náà nílẹ̀, wọ́n sì bù ú lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. “Mo ti gbé e kúrò, Màmá. Ẹ padà sùn.”

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe títí oòrùn fi rọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kí ilé òun sún mọ́ ti ìyá òun sọ bẹ́ẹ̀; ẹni tí ó fẹ́ kí ó jìnnà sí i náà sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìjà tí àwọn aládùúgbò máa ń jà lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́lé tán, ìyẹ̀fun pákó ni a fi jà á. Atẹ́gùn adágún gbá abúlé náà lọ ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò mọ ibi tí ẹnu ọ̀nà òun wà. Ibẹ̀ náà ni ẹnu ọ̀nà àwọn tí a ti kọ́lé fún wà títí di òní. A sọ abúlé náà ní El Retoño, èéhù, nítorí Ìwé Mímọ́ sọ pé ìrètí ń bẹ fún igi tí a gé lulẹ̀.

Ohun kejì tí a kò lè ṣàì mẹ́nu bà ni ọ̀rọ̀ ògiri ilé ìdáná àjùmọ̀lò. Don Wenceslao ni wọ́n kọ́ wa láti máa fi igi ki ọ̀rá gbígbẹ sínú ike títí yóò fi le bí òkúta, kí a tó tò ó sí ògiri. Ṣùgbọ́n àwa ọmọ àgbàdo ni wá. Ní ilẹ̀ tiwa, ẹni tí ó bá da àgbàdo nù dà bí ẹni tí ó da ìyá rẹ̀ nù. Nígbà náà ni àwọn ìyá wa rò ó pé kò yẹ kí ilé tí a ó ti máa jẹun ní ìdọ̀tí nìkan nínú. Láìsọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n ki háhá àgbàdo tútù sínú àwọn ike náà, gẹ́gẹ́ bí ìbùkún. Kò pẹ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni háhá jẹrà, ike wú, ògiri sì yọ ikùn síta. Don Wenceslao tẹ́ etí sí i, wọ́n sì gbọ́ tí nǹkan ń hó nínú rẹ̀.

“Ó ń mí o,” ni wọ́n wí, “ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ti inú àlá mi. Eléyìí ti lóyún.”

Wọ́n ní kí a wó o. Inú bí Màmá Tránsito, nítorí àwọn ni wọ́n ki háhá jù. “Àgbàdo kì í ba nǹkan jẹ́!”

“Kò ba nǹkan jẹ́, Màmá. Inú ike ni kò fẹ́ gbé. Ẹ̀yin náà, tí wọ́n bá ní kí ẹ wọ inú ike, ṣé ẹ ó gbà?”

Wọn kò bá ẹnikẹ́ni wí. Wọ́n kó háhá tí ó ṣẹ́kù sá sínú oòrùn, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n pò ó mọ́ amọ̀, wọ́n sì fi rẹ́ ara ògiri tuntun náà. Kò sán títí di òní. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá tàn sí ara ilé wa, ẹ̀ẹ́rún háhá náà a máa kọ mànà bí wúrà. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ògiri ní El Retoño, àgbàdo ni ó fọwọ́ kàn. Bí ọkọ yín ti máa ń ṣe nìyẹn, Doña Ninfa. Wọ́n wó àṣìṣe wa, wọn kò sì wó ìfẹ́ tí ó wà nídìí rẹ̀.

A wá dé orí ọ̀rọ̀ tí ó mú kí ìwé yìí gùn ju bí irú rẹ̀ ti máa ń gùn lọ. Gbogbo wa mọ̀ pé ẹni tí ó ya ilé fún gbogbo ènìyàn kò ní ilé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń kọ́ ilé, bí orúkọ àwọn tí ń dúró dè é ti tò lórí ìlà. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá kan Don Wenceslao, wọ́n á rí ẹnì kan tí òjò ń pa ju àwọn lọ, wọ́n á fún un ní ipò wọn, wọ́n á sì lọ sí ẹ̀yìn pátápátá bí òfin wa ti wí pé kí ẹni tí ó bá fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ padà sí ìdí ìlà. Ilé irinṣẹ́ ẹgbẹ́ ni ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé, láàrin ṣọ́bìrì àti táyà, a kò sì gbọ́ kí ẹ ráhùn rí. Don Wenceslao kan náà ni wọ́n fi òfin kejì lélẹ̀: ipò lórí ìlà kì í ṣe ogún, bí ẹnì kan bá kú tàbí tí ó kúrò, ipò rẹ̀ bá a lọ, kí alágbára má baà máa tò ní orúkọ òkú àti ti ẹni tí ó wà lókè òkun.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Araceli wá bá alága wa, Don Eliseo Tuyuc, nílé.

“Bàbá, màmá mi ní kí n jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé a ó kó ẹrù wa kúrò nínú ilé irinṣẹ́. A ń lọ bá àbúrò wọn létí òkun.”

“Ta ló lé yín?”

“Kò sẹ́ni tó lé wa, sà. Òfin bàbá mi ni. Ipò wọn ti bá wọn lọ, a ò ní ilé tí à ń dúró dè mọ́. Màmá ní àwọn ò ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa rú u.”

Don Eliseo bá jáde síta. Wọ́n pe ìpàdé. A jókòó, ìkùukùu sì ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé bí ẹni tí a ránṣẹ́ pè. Bí a bá rú òfin náà, ohun tí olóògbé fi lé wa lọ́wọ́ ni a rú. Bí a bá pa á mọ́, ìyàwó àti ọmọ wọn yóò máa lọ, a ó sì máa gbé nínú ilé tí wọ́n yà fún wa bí ẹni tí kò mọ oore. Nígbà tí ó pẹ́, Màmá Tránsito dìde.

“Èmi ni ilé kàn, àbí èmi kọ́? Ó dáa. Mo fi ipò mi fún Ninfa. Kì í ṣe ogún ọkọ rẹ̀, ẹ̀bùn ọwọ́ mi ni. Ẹ lọ wá òfin tó ní kí n má fúnni lẹ́bùn.”

“Màmá,” ni Don Eliseo wí, “ẹ̀yìn pátápátá lẹ ń lọ o. Ẹ mọ bó ti pẹ́ tó tí páànù yín ti ń jò.”

“Ṣé orí tìẹ ló ń jò sí?”

Rosendo alágbàárù, tí ó tẹ̀ lé wọn lórí ìlà, dìde. “Èmi? Kí n gba iwájú Màmá Tránsito kọjá wọ ilé? Kí àwọn ọmọ mi máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Èmi náà ń lọ sẹ́yìn.” Ẹni tí ó tẹ̀ lé Rosendo wí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó tẹ̀ lé onítọ̀hún náà wí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bọ́ sí ẹ̀yìn, bí ìgbà tí àwọn akọrin bá ń yí ilé Ọlọ́run ká, títí gbogbo ìlà fi lọ sẹ́yìn tán. Nígbà tí alága wá wò ó, Màmá Tránsito ni ó tún dúró ní iwájú, lẹ́yìn yín nìkan.

“Ẹ̀yin olóríkunkun wọ̀nyí!” ni màmá kígbe. “Ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kí èèyàn ṣe oore kó dùn ún díẹ̀!”

A rẹ́rìn-ín, a sì sunkún. Láti ọjọ́ ìsìnkú, ìgbà yẹn ni ẹ̀rín kọ́kọ́ padà sí àárín wa.

Nítorí náà, Doña Ninfa, a kò rú òfin kankan. Ilé kàn yín ní orúkọ ti ara yín, ẹni tí ó fún yín kò sì pàdánù ohun kan. A bẹ̀ yín, ẹ má di ẹrù. Títí òrùlé yóò fi bo orí yín, ẹ ní ìpín nínú àgbàdo àti ẹ̀wà oko àjọni, ilé irinṣẹ́ sì jẹ́ tiyín. A ti ki erùpẹ̀ sínú táyà ìpìlẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin sì ń ki ike láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹ má ṣe dá sí i. Ẹ mọ̀ pé ní abúlé yìí, ènìyàn kì í ki ike ilé ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti dúró. Ògiri ti dé orúnkún, a kò sì mọ ibi tí a ó fi fèrèsé sí. Rosendo ní kí ó kọjú sí adágún. Màmá Tránsito ní kí ó kọjú sí ilé tí àwọn yóò kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kí àwọn lè máa rí ohun tí ẹ ń sè. Àwọn kan ní kí ó kọjú sí òkè ibojì níbi tí Don Wenceslao sùn sí. Àwọn mìíràn ní rárá, pé kì í ṣe gbogbo òwúrọ̀ ni opó ń fẹ́ rí i. A kò lè yàn fún yín. Amọ̀ ti tutù, gbogbo wa dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáde wá, ẹ nawọ́ sí ibi tí ó wù yín.

Kí Olúwa, baba aláìníbaba àti onídàájọ́ opó, nu omijé nù kúrò lójú yín. Kí ó fi òróró ayọ̀ dípò ọ̀fọ̀ fún yín. Kí ó di ọwọ́ Araceli mú ní ojú ọ̀nà gbogbo, kí ó sì tẹ́ ẹ̀mí Don Wenceslao sí afẹ́fẹ́ rere. Àti ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìwé yìí, níbikíbi tí òjò bá ti ká yín mọ́, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ ṣe aláìní ẹni tí yóò ní kí ẹ wọlé. Àmín.

Àwa ni,
Don Eliseo Tuyuc, alága,
ní orúkọ gbogbo ará El Retoño.