Ìyá Tó Ṣí Ìgò Nítorí Ọmọ Kan

Ní ọdún 1950, nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ni wọ́n bí ìyá wa ọ̀wọ́n. Bàbá wọn ni káfíńtà náà. Ìyá wọn ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Ìyá wa ni àbíkẹ́yìn ọmọ márùn-ún, ẹnu wọn sì mú láti kékeré. Wọ́n jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1968. Ní 1972, wọ́n ṣègbéyàwó pẹ̀lú atẹ̀wé kan, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń sọ pé ìyàwó lòun fẹ́, òun tún rí agbẹjọ́rò gbà lé e.

Ní 1974, wọ́n gbé àkọ́bí wọn obìnrin, olóṣù mẹ́sàn-án, lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi. Ìgò oògùn kan tó ọmọ mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ṣí i, kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú; dídànù ni èyí tó bá ṣẹ́ kù. Nọ́ọ̀sì wo ìjókòó, ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ̀yin méjì péré lẹ wá. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá wọn padà bẹ́ẹ̀. Lóṣù kejì, ara ọmọ gbóná, ojú pọ́n, gbogbo ara sú. Kò là á já. Inú ṣì ń bí wa.

Ìyá wa gba ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lọ. Ní 1979, wọ́n fi wọ́n sídìí tábìlì abẹ́rẹ́, láti ọjọ́ náà, bó jẹ́ ọmọ kan ló wá, wọn a ṣí ìgò. Ọ̀gá wọn figbe ta: "Nọ́ọ̀sì, oògùn ọmọ mẹ́sàn-án lẹ dà nù yìí o!" Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ máa ka oògùn. Ọmọ lèmi ń kà." Ìwé kúẹ́rì mẹ́rin, pé kí wọ́n wá wí tẹnu wọn, ni wọ́n gbà. Ọdún mọ́kànlá ni wọn ò fi gbé wọn ga. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń pè wọ́n ní Ìyá Ṣí-i.

Nínú ìjọ, àdúrà wọn kì í gùn. Àmọ́ lẹ́yìn ìsìn, wọn a dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn a máa yẹ káàdì ọmọ wò. Ìyá tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ kejì fún ọmọ rẹ̀ a gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde.

Ní 1991, èéyi wọ ìlú. Wọ́n sin ọmọ ládùúgbò mìíràn. Ní àwọn òpópónà tí tábìlì ìyá wa ń tọ́jú, ọmọ díẹ̀ ṣàìsàn, ẹyọ kan ò kú. Àwọn ìkókó tí kò tíì tó gba abẹ́rẹ́ pàápàá bọ́, nítorí àìsàn náà kò rí ẹni tí yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ilé iṣẹ́ wọn rán ẹnì kan sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ká yọ ọ̀rọ̀ kúẹ́rì kúrò nínú ìwé ìsìnkú yìí. A kọ̀. A lẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ara ògiri àbáwọlé. Ẹ kà wọ́n dáadáa.

Wọ́n fi ọkọ, ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ mẹ́jọ àti àrọ́mọdọ́mọ kan sáyé lọ.

Ìyá wa, ẹ sùn re o. A kò ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún oògùn tí ẹ dà nù.