Kẹ́ẹ̀gì Omi Orí Itan Ìyá Rẹ

Agboolé wa, Bẹyẹrunka,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Jímọ̀.

Muhydeen ọmọ mi,

Ní orúkọ Ọlọ́run ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Àbújá, ṣé ara ìyàwó rẹ yá, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun dáadáa? Ẹ ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Bí o bá béèrè wa, a wà, àfi egbò ẹsẹ̀ ìyá rẹ tí wọ́n ṣì ń wẹ̀ ní ọsibítù ní gbogbo Alàmísì, àti ewúrẹ́ rẹ tó bí ìbejì tó sì kọ ọ̀kan sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. O mọ̀ pé ó hó mọ́ wa lọ́wọ́ ní Bẹẹrẹ níjọ́sí, tí ìyá rẹ fi ẹsẹ̀ elégbò rìn wálé. Ó ti tó ọdún kan tí kò lè wọ mọ́tò náà láì gbé kẹ́ẹ̀gì omi sórí itan, kí a lè rí nǹkan bù fún un bó bá tún hó. Kẹ́ẹ̀gì ń wúwo, ẹsẹ̀ ń ro ó, mọ́tò ń hó. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Lẹ́yìn ti Bẹẹrẹ, ó ní òun ò wọ̀ ọ́ mọ́ láéláé. Dókítà sì ti ní kò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà. Ìwọ náà wá ní bó bá tún hó, kí n tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Ó dùn mí, n ò ní purọ́ fún ọ. Mọ́tò tó gbé ìyá rẹ lọ síbi tó ti bí ọ!

Nojeem, mẹkáníìkì wa ní Oníyanrìn, pààrọ̀ rọ́bà tó ń jò, ó sì rọ omi kún un. Ó ní afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀ tí kò jẹ́ kí omi yí ẹ́ńjìnnì ká, pé kí n gbé e kọ orí òkè kí imú rẹ̀ ga, torí ibi gíga ni afẹ́fẹ́ ń wá. Ó ní n ò gbọdọ̀ ṣí i nígbà tó bá gbóná, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú mi ni yóò jẹ ẹ́. Òun ìbá ṣe é, àwọn àna rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn ló ń lọ kí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo gbé e lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Màpó, mo fi òkúta há táyà, mo sì ṣí fóònù. Òyìnbó tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, pé kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yọ afẹ́fẹ́ náà, yọjú. Mo kí i, kò dáhùn, àmọ́ ó rẹ́rìn-ín. Mo fojú fò ó, wọn ò kọ́ wọn ní ìkíni níbẹ̀. Ó ṣí ìdérí rédíétọ̀, mo ṣí tèmi. Ó tan iná ẹ́ńjìnnì, mo tan tèmi. Ó tan èyí tó ń fẹ́ ooru nínú mọ́tò, mo bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó mọ̀ pé Ìbàdàn la wà, kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, mo bá tan án. Ó ń fún rọ́bà, èmi náà ń fún un. Mo gbé fóònù sókè ihò náà kó lè wò ó fúnra rẹ̀, omi ń tú bùlùbùlù.

Ó wá na ìka kan sókè, ó lanu, ó sì dákẹ́. Nǹkan róbótó kan ń yí níwájú orí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń ronú ni. A kì í já lu ẹni tó ń ronú, èmi náà dúró, bí omi bá ti ń fà, mò ń bù sí i.

O mọ Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó ń kọjá lára ẹni tó ṣí iwájú mọ́tò. Gbogbo wọn ló ń kí mi kú wàhálà, mo sì ń dáhùn. Àfi bí Oyèdélé, káfíńtà Ọ̀rányàn, ṣe kó èèyàn mẹ́fà dé láti tì mí. Kí n tó lanu, wọ́n ti yọ òkúta. Mo pariwo pé mọ́tò ò bàjẹ́, òyìnbó ló ní kí n dúró. Wọ́n wo fóònù, wọ́n rí ìka rẹ̀ lókè, wọ́n dá òkúta padà, gbogbo wa sì káwọ́ lẹ́yìn, a ń dúró. Oyèdélé ní òyìnbó náà ní sùúrù.

Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí omi tó dákẹ́ títú, tí ooru gidi sì ń fẹ́ jáde nínú mọ́tò. Òyìnbó ò tíì sọ̀rọ̀. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀, mo dé e.

Mo wà á fọ́jọ́ mẹ́ta, kò hó. Lánàá Alàmísì, ìyá rẹ gbé kẹ́ẹ̀gì jáde, ó dúró ti ilẹ̀kùn mọ́tò, ó wò ó, ó wò mí. Ó padà wọlé. Nígbà tó tún jáde, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó wọlé, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. A kọjá ní Ọjà'ba, a dé Bẹẹrẹ, kò sẹ́ni tó mí nínú wa, a sì kọjá Bẹẹrẹ. A lọ, a bọ̀. Inú mi dùn débi pé omijé bọ́ lójú mi.

Nojeem ní ìdérí rédíétọ̀ ti gbó, jọ̀ọ́ fi owó ìdérí tuntun ránṣẹ́, kí o sì fi díẹ̀ kún un fún oògùn ẹsẹ̀. Fún òyìnbó náà ní nǹkan, kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ṣí fóònù láàárọ̀ yìí, ìka rẹ̀ ṣì wà lókè. Bá mi sọ fún un pé ó ti tó, kó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ìyá rẹ ti wọ mọ́tò.

Níbi tó yẹ kí oore gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ há síbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gàfárù.